Orúkọ Ìlú Tó Wà Lára Owó Náà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. A bẹ̀ yín, ẹ fún wa láàyè díẹ̀ ní ojú ewé àwọn òǹkàwé, torí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà gan-an: àwọn tó ra ilé ògbólógbòó, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àti àwọn tó máa ń lọ síbi gbàǹjo ẹrù òkú lọ́jọ́ Sátidé. Láàrin ojú ewé Bíbélì àtijọ́, lẹ́yìn férémù fọ́tò, nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, ibẹ̀ ni owó bébà kan ti máa ń yọjú, tí wọ́n tẹ orúkọ báńkì ìlú kékeré kan sí lára. Ẹni tó rí i á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní ayédèrú ni. Ẹlòmíràn á gbé e lọ sí báńkì, wọ́n á fún un ní dọ́là mẹ́wàá, owó náà á sì bá àwọn tí wọ́n ń kó lọ bàjẹ́ lọ. Méjèèjì ló ń dùn wá. Owó gidi ni, òmíràn sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù nínú gbogbo èyí tí báńkì náà ná síta. (Bí ó bá jẹ́ nínú ẹrù arúgbó tí ẹ ń tọ́jú ni ẹ ti rí i, tirẹ̀ ni o. Ẹ fi han òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún wọn.)

A mọ ohun tó ń fa àṣìṣe yìí. Nílé, láti 1 July 1959 tí Central Bank of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibì kan ṣoṣo ni owó ti ń wá. Kò sí ẹni tó rí náírà rí tí orúkọ báńkì Ìkirè tàbí ti Òkè-Igbó wà lára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí láti 1863 títí di 1935. Ogun abẹ́lé wọn ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Abraham Lincoln nílò owó, ni wọ́n bá ṣe òfin kan ní 25 February 1863: báńkì tó bá gba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ yóò ra ìwé gbèsè ìjọba, bọ́ǹdì tí wọ́n ń pè é, yóò fi pamọ́ sọ́dọ̀ Treasurer ìjọba, ìjọba yóò sì tẹ owó tó ní orúkọ báńkì náà lára fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, dọ́là 90 ni owó tí wọ́n ń tẹ̀ fún un lórí dọ́là 100 bọ́ǹdì. Nígbà tó di 14 March 1900, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó jẹ́ kí ó pé 100 lórí 100, wọ́n sì ní ìlú tí èrò rẹ̀ kò bá ju 3,000 lọ lè dá báńkì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú owó ìpìlẹ̀ dọ́là 25,000. Dọ́là 50,000 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Òfin 1900 yìí ló jẹ́ kí abúlé tí kò ní ju ibùdó rélùwéè, ilé ìtajà kan àti ṣọ́ọ̀ṣì méjì lọ ní owó tirẹ̀. Nígbà tí ètò náà fi máa parí, báńkì tó ná owó bẹ́ẹ̀ síta ti ju 12,000 lọ. Ìjọba pe bọ́ǹdì tó gbé ètò náà ró wọlé ní 1935, ìgbà yẹn ni títẹ̀ rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí wọ́n fòfin dè é. Iye tó wà lójú rẹ̀ ṣì ṣeé ná dòní. Ìdí nìyẹn tí báńkì fi ń gbà á láì bi yín léèrè ohunkóhun.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná an, ẹ kà á.

Rúlà ni ẹ máa kọ́kọ́ mú. Bí owó náà bá gùn tó ínṣì 7⅜, tó sì fẹ̀ tó ínṣì 3⅛, ti ayé àtijọ́ ni, kí wọ́n tó dín ìwọ̀n bébà owó kù ní 1929. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 6⅛ sí 2⅝, gẹ́gẹ́ bí dọ́là tí a ń ná lónìí, ẹ wá "Series of 1929" lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo òkè bóyá "National Currency" wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, owó mìíràn ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ni ti 1929, ẹ jẹ́ kí a mú dọ́là mẹ́wàá rẹ̀ kan wò fínnífínní. Alexander Hamilton ló wà láàrin. Orúkọ báńkì, ìlú àti ìpínlẹ̀ wà lójú owó ní íǹkì dúdú. Òǹtẹ̀ ilé ìṣúra jẹ́ àwọ̀ búráùn, bí awọ obì tó ti ń gbẹ, nọ́ńbà owó náà sì jẹ́ búráùn bákan náà. Lókè, ẹ ó rí ìbuwọ́lù E. E. Jones àti W. O. Woods, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba; orúkọ àwọn méjì yìí ló wà lára gbogbo owó báńkì ìlú ti 1929, kò sọ nǹkan kan fún yín. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ fojú sí: kaṣíà báńkì náà lósì, ààrẹ báńkì lọ́tún. Ọmọ ìlú ni wọ́n. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì lè wà nínú ìlú náà lónìí, àwọn ni wọ́n sì máa ń san owó jù fún un.

Ẹ wá wo nọ́ńbà dúdú tó dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ báńkì náà nìyẹn, charter number. Òun ni ilà ojú owó náà. Orúkọ lè jọra, "First National Bank" kún inú Amẹ́ríkà bí ìgbà tí a bá ń ka Ìdó: Ìdó wà l'Ékìtì, ó wà n'Íbàdàn, ó wà l'Ékòó. Springfield wà ní Illinois, ó wà ní Massachusetts, ní Ohio, ní Missouri. Ìlú kan náà sì lè ní báńkì mẹ́ta, mẹ́rin. Báńkì tún máa ń yí orúkọ padà nígbà tó bá gba òmíràn mọ́ra. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ kò jọra láéláé: ti Philadelphia ni 1, ti San Juan ní Puerto Rico ni 6484, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kọjá 14,000. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè iye owó yín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orúkọ báńkì, ìlú, ìpínlẹ̀ àti nọ́ńbà yìí ni kí ẹ sọ. Ẹni tó bá dá iye lé e láì béèrè nọ́ńbà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Oríṣi méjì ni ti 1929. Oríṣi kìíní, tí wọ́n tẹ̀ títí di 1933, ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ lẹ́ẹ̀mejì péré, dúdú méjèèjì. Oríṣi kejì, láti 1933 sí 1935, ní dúdú méjì, ó tún ní búráùn méjì nítòsí nọ́ńbà owó. Èyí kejì ló máa ń ṣọ̀wọ́n jù fún ọ̀pọ̀ báńkì, torí ìgbà rẹ̀ kò pẹ́, báńkì púpọ̀ sì ti kógbá sílé nínú ìṣòro ọrọ̀ ajé ọdún wọ̀nyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà owó wọn náà yàtọ̀. Bébà tó ní owó mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń kó fún báńkì. Ní oríṣi kìíní, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń jẹ́, lẹ́tà iwájú ló yàtọ̀, láti A dé F: A000001A, B000001A, títí dé F000001A. Ní oríṣi kejì, owó kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sì sí lẹ́tà lẹ́yìn: A000001, A000002.

Ìṣirò kékeré kan wà níbẹ̀ tó dára. Bí ẹ bá rí dọ́là mẹ́wàá oríṣi kìíní tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ C000845A, ó túmọ̀ sí pé báńkì yẹn gba ó kéré tán bébà 845. Ẹ fi 6 ṣe ìlọ́po rẹ̀, owó 5,070 nìyẹn, iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 50,700. Bébà àkọ́kọ́, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 000001, àwọn ọ̀gá báńkì ló sábà máa ń mú un pamọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe ká a rárá.

Ìkẹ́kùn kan wà nínú 1929 tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Owó kan wà tó jọ èyí bí ìbejì: "National Currency" lókè, òǹtẹ̀ búráùn, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni "Federal Reserve Bank of" Chicago, tàbí Atlanta, tàbí Dallas, lẹ́tà dúdú ńlá kan láti A dé L ló sì wà níbi tí nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìbá wà. Owó pàjáwìrì ọdún 1933 nìyẹn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí àwọn ènìyàn sáré lọ kó owó wọn kúrò ní báńkì. Ó ní iyì tirẹ̀, àmọ́ ti Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ni, kì í ṣe ti báńkì ìlú kékeré. Lẹ́tà wà níbẹ̀, nọ́ńbà kò sí: ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Ti ńlá, èyí tó ṣáájú 1929, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Series 1882 kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búráùn, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ gàdàgbà sáàrin rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó lẹ́wà púpọ̀. Series 1902 ni ẹ máa rí jù. Òǹtẹ̀ pupa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ títí di 1908, òun ló ṣọ̀wọ́n jù nínú wọn. Òǹtẹ̀ búlúù tí "1902" àti "1908" wà lẹ́yìn rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni búlúù tí kò sí ọdún lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ títí di 1929. Dọ́là kan àti dọ́là méjì wà nínú ti àkọ́kọ́ pátá, kí wọ́n tó dá wọn dúró ní 1879. Ti dọ́là méjì yẹn, 2 ńlá tó wà lójú rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja ni, kò dúró. Bí ẹ bá rí 2 tó dùbúlẹ̀, ẹ jókòó kí ẹ fara balẹ̀.

Láàrin 1902 àti 1924, wọ́n tún ń fi lẹ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ìwé àṣẹ láti mọ agbègbè tó ti wá: N fún New England, E fún ìlà oòrùn, S fún gúúsù, M fún àárín gbùngbùn, W fún ìwọ̀ oòrùn, P fún etí òkun Pacific. Bí ìpínlẹ̀ tó wà lára rẹ̀ bá jẹ́ Texas, tí lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà sì jẹ́ E, ẹ ti mọ̀ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kan owó yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sójú owó ńlá kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó jẹ mọ́ ìwé àṣẹ báńkì náà ni, bóyá ìgbà tó gbà á tàbí ìgbà tó tún un ṣe lẹ́yìn ogún ọdún. Owó tí wọ́n kọ 1905 sí lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1922. Àwọn òǹtajà kan ń fi ọjọ́ yìí tan àwọn ènìyàn, wọ́n á ní ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ogún lọ, kí wọ́n lè fi owó lé e.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí a fẹ́ kí gbogbo aláwọ̀ dúdú tó bá di owó yìí mú wò. Lára owó ńlá, òṣìṣẹ́ ìjọba méjì ló ń buwọ́ lù ú: "Register of the Treasury", olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìṣúra, lósì, "Treasurer" lọ́tún. Ẹ ka èyí tó wà lósì. Bí ẹ bá rí B. K. Bruce, Blanche Bruce nìyẹn, ẹni tí wọ́n bí sí oko ẹrú ní Virginia, tó di sẹ́nétọ̀ láti Mississippi, tó sì di Register ní 1881 sí 1885, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1897 títí ó fi kú ní 1898. Judson Lyons ló tẹ̀ lé e, ó wà níbẹ̀ títí di 1906. William Vernon gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí di 1911, James Napier ará Nashville sì ṣe é títí di 1913. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn. Ní àkókò tí òfin kan kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó sí iwájú ọkọ̀ ní gúúsù, ìbuwọ́lù wọn ló ń sọ owó di owó nínú àpò gbogbo ènìyàn. Nínú wọn, èyí tí orúkọ Napier àti Thompson jọ wà lára rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù, torí oṣù díẹ̀ péré ni Carmi Thompson fi jẹ́ Treasurer, láti ìparí 1912 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1913. Ẹ rántí pé ìbuwọ́lù yìí náà kò sọ ọdún ìtẹ̀wé fún yín. Ohun tí wọ́n bá ti fín sára irin ìtẹ̀wé báńkì náà níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń bá lọ, kódà bí ẹni náà ti kúrò nípò.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ló mú wa kọ lẹ́tà yìí gan-an. Ẹ má fọ owó náà. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Owó ńlá máa ń dé ọ̀dọ̀ báńkì lójú bébà kan tí wọn kò tíì gé. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ló ń fi sísọ́ọ̀sì gé e, tí kaṣíà àti ààrẹ sì ń fi pẹ́ẹ̀nì tàbí òǹtẹ̀ rọ́bà buwọ́ lù ú. Íǹkì òǹtẹ̀ rọ́bà yẹn, èyí tó máa ń rí bí àwọ̀ àlùkò, omi kan ló ń kó o lọ. Ẹ fi owó náà sínú omi ọṣẹ ìṣẹ́jú márùn-ún, ìtẹ̀wé ìjọba kò ní yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ará ìlú á ti ṣàn lọ, owó tí ìbuwọ́lù ti kúrò lára rẹ̀ sì ti pàdánù lára iyì rẹ̀. Ti pẹ́ẹ̀nì máa ń ṣá fúnra rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á. Bí ó bá ti ṣá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi báírò tọ ọ́ ti bà á jẹ́ pátápátá. Etí owó tó wọ́ nítorí sísọ́ọ̀sì kì í ṣe àbùkù. Ẹ má gé e kó lè tọ́.

Áyọ́ọ̀nù ń tẹ́ ojú ìká pẹrẹsẹ, ó sì ń pa bí íǹkì ṣe ga lójú rẹ̀. Íǹkì tí wọ́n fi irin tẹ̀ máa ń ga díẹ̀ lórí bébà, ẹ lè fi èékánná mọ̀ ọ́n lára aṣọ ẹni tó wà nínú àwòrán. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, gíga yẹn á wọlẹ̀, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì mọ̀ ní kété tó bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Sẹ́lótéèpù ń pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń wọnú bébà, kò sì ní jáde mọ́. Lámínéṣọ̀n ni ikú rẹ̀.

Ọ̀rá Mylar, ọ̀rá polyester tó mọ́ gaara, ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bíi bàtà rọ́bà tuntun. PVC nìyẹn, òróró inú rẹ̀ máa ń jáde sára owó lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú òkùnkùn. Ọ̀rinrin tó bá wà láàrin 40 sí 50 nínú 100 ló bá a mu jù. Ẹni tó bá gbé e wálé sí Èkó tàbí Ìbàdàn, kó fi silica gel, èyí tó ń fa ọ̀rinrin mu, sínú àpótí náà, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò òjò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì búráùn kéékèèké á hù lára rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá tó. Ẹ wá okùn sílíkì tín-tìn-tín pupa àti búlúù nínú bébà ti 1929: inú bébà ni wọ́n wà, a ò tẹ̀ wọ́n sójú rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV sí i nínú òkùnkùn. Bébà àtijọ́ kò gbọdọ̀ tàn funfun báláú. Bí ó bá tàn, bóyá bébà tuntun ni tàbí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ tún wo nọ́ńbà ìwé àṣẹ lábẹ́ awò, torí àwọn kan máa ń ha nọ́ńbà báńkì tó wọ́pọ̀ kúrò láti fi ti báńkì tó ṣọ̀wọ́n rọ́pò. Ibi tí wọ́n bá ti ha á, okùn bébà á dìde.

Owó àwọn báńkì tí ìpínlẹ̀ fún níwèé àṣẹ kí ó tó di 1866, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣófo, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, kò sì ṣeé ná mọ́. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà pupa rúsúrúsú tó ń dún kàràkàrà. Dọ́là 1,000 ti Bank of the United States tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8894 wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀dà ni gbogbo wọn.

Ní ti iye rẹ̀, ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún. Báńkì ńlá ní Chicago tàbí New York ná owó púpọ̀ síta, iye dọ́là mẹ́wàá 1929 wọn tó ti gbó kì í ga púpọ̀. Pennsylvania ló ní báńkì jù, ti ibẹ̀ ló sì pọ̀ jù lọ́jà, síbẹ̀, báńkì wà ní Pennsylvania yẹn tí kò sí ẹnikẹ́ni tó tíì rí owó rẹ̀ kan. Nevada, Arizona, Alaska àti Hawaii ṣọ̀wọ́n. Èyí tí wọ́n kọ "Territory" sí lára, bíi Indian Territory kí Oklahoma tó di ìpínlẹ̀ ní 1907, ẹ má dá iye lé e fúnra yín rárá. Àwọn aṣàkójọ ní àkọsílẹ̀ iye ẹyọ tí a ti rí fún nọ́ńbà ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí òǹrajà ṣí i níwájú yín, kó fi iye tí ti báńkì yẹn gan-an ti lọ ní gbàǹjo hàn yín, kì í ṣe ti báńkì tó jọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni méjì ni kí ẹ lọ, ó kéré tán, kí ẹ sì béèrè iye tí ilé gbàǹjo máa yọ kí ẹ tó fi sílẹ̀.

Bí ìlú náà bá ṣì wà, ẹ kọ̀wé sí ilé ìkàwé rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní ìwé ìròyìn àtijọ́ tó sọ ẹni tí kaṣíà yẹn jẹ́, ọjọ́ tí báńkì náà ṣí àti ọjọ́ tó tì. Ní Okoboji, ní Iowa, ni wọ́n dá ilé ohun àtijọ́ kan sílẹ̀ sí, tó ń jẹ́ Higgins Museum, fún owó irú èyí. Ẹni tó bá ń wakọ̀ gba ìhà ibẹ̀, kó kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ṣì ṣí, kó tó yà wò ó.

Àwa òǹkàwé yín tí a ń ṣa owó bébà àtijọ́ jọ,
Chicago